Ohùn Báárọ̀nì Ní Apá Keje

Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Jánúárì

Apá keje ti dé, òun náà ni ìkẹyìn. Bọ̀dá Lékè tàn án sára ògiri ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ní Downsview láàárọ̀ yìí. Àwa méjèèjì àti Alhaji Múrítàlá la jókòó tì í, a sì wò ó dé òpin. Dúdú àti funfun ni, bíi ti àwọn tó ṣáájú. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí àwọn òyìnbó ti ya sinimá yìí, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ nígbà tí Báárọ̀nì, ìjòyè òyìnbó amùjẹ̀ inú rẹ̀, dìde jókòó nínú pósí rẹ̀ tó ní òun ò dùbúlẹ̀ mọ́.

Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ló fi ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé, tó ń sá fún oòrùn. Ní ìparí, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ààfin, tó jáde bọ́ sínú òwúrọ̀. Kí oòrùn tó jó o di eérú, ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, ojú rẹ̀ nìkan ló kún inú àwòrán, gbogbo ètè rẹ̀ ló hàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Èmi ni màá wá Yorùbá tí yóò bá ètè yẹn mu.

Ọdún méjì, apá mẹ́fà. Èmi nídìí ìtumọ̀, Alhaji nídìí máìkì, Bọ̀dá Lékè nídìí ẹ̀rọ. A ò tíì já ilé iṣẹ́ tó gbéṣẹ́ fún wa kulẹ̀ rí. Wọ́n fẹ́ gba èyí ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Fẹ́búárì.

Alhaji ń húkọ́ títí a fi tú ká. Ohùn wọn há. "Òtútù ni," wọ́n ní. Ẹni tó ṣe gáàdì nílé ìkẹ́rùsí ní Malton fún ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó fẹ̀yìn tì, ṣé òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú wọn ni?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo túmọ̀ ojú ewé mẹ́rin ní ọ́fíìsì ọkọ̀ akẹ́rù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Woodbridge lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, láàárín ìgbà tí àwọn awakọ̀ ń pè mí lórí fóònù pé yìnyín ti dí ojú ọ̀nà. Níbi tí Báárọ̀nì ti sọ pé ó ti rẹ òun, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹnu rẹ̀ ṣí. "Ó rẹ̀ mí." Mẹ́ta géérégé. Alhamdulillah. Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀. Inú mi ò dùn.

Ohùn Alhaji nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Báárọ̀nì, àfi bíi pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń jáde bọ̀. Eré orí rédíò tí wọ́n fi ogún ọdún ṣe n'Íbàdàn kò ṣòfò. Lónìí, ohùn náà kàn ya lójijì bí aṣọ tó gbó. Wọ́n tún un sọ, ó tún ya. Ìgbà mọ́kànlá la gba gbólóhùn kan ṣoṣo, Alhaji sì ń rẹ́rìn-ín bíi pé kò sí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, Bọ̀dá Lékè fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí mi létí.

"Gbọ́ èyí. Apá kìíní nìyẹn. Wá gbọ́ èyí, ti òní ni."

Mo gbọ́ méjèèjì.

"Kì í ṣe òtútù, Kaosarah. Láti apá kẹfà ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé máìkì mi ló bàjẹ́, mo ra òmíràn."

Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo pe ìyàwó Alhaji, Alhaja Morufat. Mo kí wọn tán, mo béèrè ọ̀fun Alhaji.

"Ṣé kò sọ fún yín ni?"

"Kí ni, Alhaja?"

Láti oṣù kọkànlá ni dókítà wọn ti ní kí wọ́n lọ rí dókítà ọ̀fun. Ọjọ́bọ̀ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n dá fún wọn, Alhaji sì ti ní àwọn ò lọ. "Ó ní bí wọ́n bá rí nǹkan níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí òun parí Báárọ̀nì yín. Ọmọ mi, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tèmi ò wọ̀ ọ́ létí mọ́."

Báárọ̀nì yín. Ojú tì mí. Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn ní Malton ní aago mẹ́sàn-án. Alhaji wo mọ́tò mi, wọ́n wo ojú mi.

"Níbo là ń lọ?"

"Ibi tí ẹ ò fẹ́ lọ, Alhaji."

"Bí mo bá ní n ò lọ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé n ò túmọ̀ apá keje mọ́ nìyẹn. Ẹ óò wá ẹlòmíràn."

"O ń halẹ̀ mọ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n wọlé sínú mọ́tò, wọ́n sì de bẹ́líìtì.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ki nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò imú wọn wọ ọ̀fun, gbogbo rẹ̀ sì hàn lójú ẹ̀rọ. Nǹkan kan ti hù síbi tí ohùn ti ń jáde, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Wọn óò yọ ọ́ ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, wọn óò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ó lè di dandan kí wọ́n gé gògóńgò fúnra rẹ̀ kúrò. Ó rọra sọ ọ́, kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Alhaji bi í. "Títí dìgbà náà, ṣé mo lè sọ̀rọ̀?"

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Kí wọ́n má pariwo. Kí wọ́n má sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pẹ̀lú, nítorí ìyẹn náà ń ni ọ̀fun lára.

Nígbà tí a padà dé Malton, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Bàálù kan kọjá lórí wa, a dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," Alhaji sọ. "Ó tó."

"Ó tó kí ni ṣe, sà?"

"Kaosarah, má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀."

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo rẹ́rìn-ín lónìí títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Bọ̀dá Lékè ti jẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n dáhùn pé kí a má dààmú: wọ́n ti fi ohùn Alhaji láti apá mẹ́fà kọ́ ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà yóò sọ èyí tó kù, kí Alhaji ṣáà fọwọ́ síwèé. Wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí a gbọ́. Àwa mẹ́ta tẹ́tí. Lóòótọ́, ohùn Alhaji ni, àyà mi tilẹ̀ já. Lẹ́yìn náà ni Báárọ̀nì gbá ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó wò ó lójú, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, èmi ni ọkọ́ rẹ."

Ọkọ́! Ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè! Bọ̀dá Lékè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Alhaji rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ọ̀fun wọn mú lójijì, ẹ̀rù sì bà wá. Wọ́n ṣẹ́wọ́ sí wa pé kò sí nǹkan, wọ́n fa pátákó funfun tí wọ́n fi ń kọ̀wé báyìí mọ́ra, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: *Ẹ dá a padà fún wọn. N kì í ṣe ọkọ́.*

Ilé iṣẹ́ náà gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò sún ọjọ́ síwájú.

Bọ̀dá Lékè gbé aago ilé ìdáná sórí tábìlì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó dún, a dá iṣẹ́ dúró láàárín gbólóhùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Yìnyín dé orúnkún. Ilẹ̀kùn wa ò ṣeé ṣí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lásán.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ra oyin fún Alhaji, dọ́là mẹ́rìnlá ìgò kan, bíi pé wúrà ni kòkòrò rẹ̀ fi ṣe é.

Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tí a lè pàdé, Sátidé méjì àti Àìkú méjì, ló kù kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Báárọ̀nì kò lè wọ inú rẹ̀ bí a bá ń tún un gbà. Nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ibi tó bá ti kẹ́yìn sí wa, mo jẹ́ kó dákẹ́. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ bá ti lè sọ ọ́, mo gbé e fún ìyàwó, èmi náà ṣá ni mò ń sọ ti ìyàwó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì

Alhaji mọ̀. Ẹni tó ka ìwé eré fún ogún ọdún, báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Wọ́n yẹ ìwé náà wò láti òkè délẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó: *Ọ̀rọ̀ mi dà?*

"Alhaji, mo kàn dín in kù díẹ̀ ni."

Wọ́n gbé pátákó sílẹ̀. "Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Mò ń dáàbò bo ọ̀fun yín ni."

"Ọ̀fun ta ni? Bí wọ́n bá máa mú un lọ, ẹ jẹ́ kí n lò ó kí wọ́n tó mú un! Ọdún méjì ni mo fi bá ọkùnrin yìí rìn, ó wá fẹ́ kú, ìwọ ní kí n dákẹ́?"

Ohùn wọn ya lórí "dákẹ́". Bọ̀dá Lékè ní, "Alhaji, ẹ fara balẹ̀, sà." Èmi ti gun àtẹ̀gùn lọ.

Mo jókòó sínú mọ́tò mi níta, mo tan ẹ̀rọ amúgbóná rẹ̀ nítorí òtútù, mo sì sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì fi ṣí. Alhaji ni, wọn ò wọ kóòtù, Bọ̀dá Lékè ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú kóòtù lọ́wọ́. Wọ́n jókòó. Wọ́n ti lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wọn lórí mi, kò sì sí pátákó. Èémí wa ti bo gíláàsì. Wọ́n fi ìka kọ ọ́ sára rẹ̀ pé *Má bínú*.

"Èmi ni kí ẹ dárí jì, sà. Màá dá gbogbo rẹ̀ padà."

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀dá Lékè ṣì dúró síta, wọ́n gbé kóòtù dání, yìnyín ń bọ́ sí wọn lórí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo ti dá gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan kan. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí a ti gbà sílẹ̀ láti àtẹ̀yìnwá, mo sì fi báírò sàmì síbi tí ohùn Alhaji ti ń ya. Ohùn òkè ni. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá fa ohùn wọn sókè ló ń ya. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í ya rárá, ó tún dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wúwo.

Yorùbá ṣá ni. Mo lè yan ọ̀rọ̀ tí ohùn òkè kò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo yọ "ìmọ́lẹ̀", mo fi "oòrùn" sí i. Mo yọ "ìparí", mo fi "òpin" sí i. Mo yọ "ìbànújẹ́", mo fi "ọ̀fọ̀" sí i. Ìlà kan gbà mí ní wákàtí kan, nítorí ó tún gbọ́dọ̀ bá ètè rẹ̀ mu. Ọ̀gá mi béèrè bóyá ara mi yá, pé mò ń dá sọ̀rọ̀.

Sátidé, ọjọ́ keje

Mo fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn han Alhaji, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, kò sí àṣírí mọ́. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì. Wọ́n kọ ọ́ pé: *Ta ló kọ́ ọ?* Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dáhùn.

Ó ku gbólóhùn kan ṣoṣo tí n kò rí ṣe. Ohun ìkẹyìn tí Báárọ̀nì pariwo sí oòrùn, kíkí ni, ó kí i káàárọ̀. Kò sí bí a ṣe lè kí ènìyàn káàárọ̀ lóhùn ìsàlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó kàn sọ pé 'oòrùn'," Bọ̀dá Lékè ní.

Alhaji mi orí pé rárá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: *Ẹ KÁÀÁRỌ̀.*

"'Ẹ' kẹ̀, sà?" mo ní. "'Ìwọ' ni Báárọ̀nì ń pe gbogbo ayé láti apá kìíní. Ó pe àlùfáà ní ìwọ. Ó pe ọba ní ìwọ."

Wọ́n ronú, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ̀wé kékeré: *Oòrùn nìkan ló jù ú lọ.*

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ó parí.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Alhaja Morufat bá wọn wá, wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n di tẹ̀súbà mú. Alhaji bọ́ fìlà, wọ́n mu omi gbígbóná, wọ́n dúró. Bọ̀dá Lékè yí aago.

A ò tún ìkankan gbà. Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè Báárọ̀nì lára ògiri, ohùn Alhaji lábẹ́ rẹ̀, kò sí àlàfo láàárín wọn. Kò ya níbì kankan. Mo gbàgbé pé èmi ni mo kọ ọ́. Ọkùnrin kan ni mò ń wò tó ti ṣe búburú pẹ́, tí kò tọrọ àforíjì, tó kàn fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá òun lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n dé ibi gbólóhùn ìkẹyìn. Òyìnbó inú àwòrán pariwo rẹ̀. Alhaji ò pariwo. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ṣílẹ̀kùn tó bá àgbàlagbà kan lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ káàárọ̀." Ó ya díẹ̀ láàárín. Bọ̀dá Lékè wò mí, mo wò wọ́n. A jọ mọ̀ pé a ò ní fọwọ́ kàn án.

Ìṣẹ́jú méjìlá la lò. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Alhaji fi í kí ìyàwó wọn. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, èmi àti Bọ̀dá Lékè ti jáde síta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n mú Alhaji wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Alhaja ń fa tẹ̀súbà, èmi ń ka àmì ara ògiri. Ní aago mẹ́wàá kọjá, dókítà jáde wá, ó ní àwọn ti yọ ọ́ tán, ó sì bọ́ dáadáa. Àyẹ̀wò yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì. Kí Alhaji má sọ ọ̀rọ̀ kankan rárá títí tí òun yóò fi sọ pé ó yá.

Alhaja ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà," lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Kí ló sọ nípa jẹjẹrẹ?"

"Kò tíì mọ̀, Alhaja."

"Ọ̀sẹ̀ méjì," wọ́n ní. "Ọlọ́run, ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Alhaji ò lè gbà á, omi ni dókítà ní kí wọ́n máa mu léraléra, ó sì ń dùn wọ́n. Wọ́n fi dàbínù ránṣẹ́ sí mi kí n fi ṣínu. Alhaja ní ilé ti dákẹ́ jù: "Ẹni tó máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà!"

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Bọ̀dá Lékè ti fi apá keje ránṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá fún wa. Ó yẹ kí n yọ̀. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yẹn kò jẹ́ kí n rí àyè yọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Awakọ̀ kan há sí ẹnu ibodè, èmi àti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń fa ọ̀rọ̀, ni orúkọ Alhaja bá yọ lójú fóònù mi. Mo já àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sílẹ̀.

"Kò sí nǹkan," Alhaja ní.

"Alhaja?"

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ! Kaosarah, kì í ṣe jẹjẹrẹ! Dókítà ní ohun lásán ni, ó ní òun ti yọ ọ́ tán, ó ti lọ!"

N kò mọ ohun tí mo sọ. Mo mọ̀ pé mo wọ yàrá tí a ń kó ìwé sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo forí kanlẹ̀ láàárín àwọn páálí, n kò sì tètè dìde. Nígbà tí mo jáde, ọ̀gá mi ní awakọ̀ wa ti kọjá ibodè. Mo dì mọ́ ọn. Kò mọ ìdí rẹ̀, ó ní "okay, okay," ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Mo pe Bọ̀dá Lékè. Mo kàn gbọ́ tí wọ́n fun imú. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n ní, "Irú ohùn wo ni yóò kù fún wọn?"

Dókítà ò mọ̀. Ó ní yóò padà, ṣùgbọ́n ó lè yàtọ̀. Ní tèmi, kó yàtọ̀. Kó dà bí ti ẹyẹ bó bá wù ú.

Mo fẹ́ fi ìrẹsì ṣínu lónìí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù Máàsì

Ilé iṣẹ́ náà gbà á bó ṣe rí. Wọ́n ní kí a má tún ibì kankan ṣe. Yìnyín ń yọ́, gbogbo ojú ọ̀nà ṣe ẹrẹ̀, bàtà mi méjèèjì ti gbomi, n kò tilẹ̀ bínú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Fóònù ọ́fíìsì dún ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó fúyẹ́, ó tinrín, ó jọ ti ọ̀dọ́kùnrin. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tuntun ni. Mo béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀.

"Ojú ewé kọkàndínlógún," ohùn náà ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ibi tí ìyàwó Báárọ̀nì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. O kọ ọ́ pé àtùpà ló gbé lọ́wọ́. Àbẹ́là ni, Kaosarah! Ó ń kán sí i lọ́wọ́, gbogbo ayé ló rí i! Àtùpà wo ló ń kán? Láti oṣù tó kọjá ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí di òní."

Mo jókòó.

"Alhaji?"

"Má pè mí ní Alhaji, dá mi lóhùn. Èmi sì tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síta! Kí ni àwọn ará Ìbàdàn yóò máa wí?"

Ilé iṣẹ́ ti gbà á, sinimá ti jáde lọ́wọ́ wa, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Fóònù kejì ń dún lórí tábìlì, mo jẹ́ kó máa dún.

"Ẹ máa bá mi wí lọ, sà," mo ní. "Mò ń gbọ́."

Wọ́n sì ń bá mi wí lọ.